Ẹja Tútù Ni À Ń Ká: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwádìí àti Iṣẹ́ Ọ̀sìn Ẹja ní Àdúgbò Wa

  

Ìgbìmọ̀ alákòóso ní kí n wá sọ̀rọ̀ ṣókí lórí ohun tí yóò ṣe ẹgbẹ́ láǹfààní. Oníṣẹ́ ìròyìn ni mí, poli ni mo ti kàwé, kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́ ẹja ni mo kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìròyìn máa ń gbé èèyàn káàkiri. Ó ti gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ẹja ní Mile 12, ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sìn ín ní ẹ̀yìnkùlé wọn, ó sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe ìwádìí nípa rẹ̀. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í sábà pàdé ara wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín nìyẹn.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ẹgbẹ́ wa níbẹ̀. Ó kàn wá gidi. Ẹ wo àyíká wa yìí, láti Ketu dé Ìkòsí, láti Alápẹ̀rẹ̀ dé Àgbóyì, títí lọ dé Ìṣẹ̀rì. Bí ẹ bá yọjú wo ẹ̀yìnkùlé ilé púpọ̀, ẹ ó bá táǹkì oníbúlọ́ọ̀kù tàbí tàpólì tí wọ́n fi igi gbé ró, tí ẹja àrọ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ta ló ni wọ́n? Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ọ̀kan. Akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ tí wọ́n dá dúró ló ni òmíràn. Opó tó ń tọ́ ọmọ mẹ́rin ló ni ẹ̀kẹta. Owó ìfẹ̀yìntì, owó àjọ, owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, òun ni wọ́n dà sínú omi yẹn. Bí ẹja bá kú, kì í ṣe ẹja nìkan ló kú o.

Ọ̀kan nínú wa wà níbí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ra 2,000 ọmọ ẹja, ó dà wọ́n sí táǹkì, nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹjọ, àwọn tó ṣẹ́ kù kò tó 600. Ó pe ẹni tó ta ọmọ ẹja fún un, onítọ̀hún ní omi ni kò dáa. Ó pe ẹni tó gbẹ́ kànga fún un, ìyẹn ní oúnjẹ ẹja ló ní àléébù. Ó lọ bá ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹja, ìyẹn náà ní ọmọ ẹja tó rà kò lágbára. Nígbà tó dé ilé, àwọn ará ilé ní kó lọ wádìí lọ́dọ̀ bàbá, bóyá ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni mẹ́rin fún un ní ìdáhùn mẹ́rin, kò sì sí èyí tí ó yẹ omi wò nínú wọn. Oṣù kejì, ó tún ra ọmọ ẹja mìíràn lọ́dọ̀ ẹni kan náà, ó dà á sínú omi kan náà.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ìdí ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Àwọn onímọ̀ mọ ohun tí ó lè pa ọmọ àrọ̀, kì í ṣe àdììtú. Ìkíní, ìran ẹja. Àrọ̀ kì í sábà yé fúnra rẹ̀ nínú táǹkì. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń gún abo kí ó tó lè yé ẹyin, wọ́n á pa akọ kí wọ́n tó rí omi ara rẹ̀ lò. Nítorí náà, ẹni tí ń sin ọmọ ẹja tà lè máa lo akọ àti abo díẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà fún ọdún púpọ̀. Bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá ń bí fún ara wọn láti ìran dé ìran, ọmọ wọn á máa ràn, kò ní dàgbà. Ìkejì, ìyípadà omi òjijì. Ọmọ ẹja tó ti inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bọ́ sínú omi kànga tútù lójú kan náà, jìnnìjìnnì á bò ó, àìsàn á sì tètè mú un. Ìkẹta, oúnjẹ àjùlọ. Èyí tí ẹja kò jẹ á jẹrà, á sọ omi di májèlé. Àrọ̀ àgbà lè gbórí sókè kó gba afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí ó fi ń fara da omi tí ẹja mìíràn kò lè gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kékeré kò tíì ní ohun tí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkẹrin, àrọ̀ a máa jẹ àrọ̀. Bí a kò bá ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìwọ̀n ara, ńlá á gbé kékeré mì, ẹ ó sì máa wá òkú ẹja tí ẹ kò ní rí.

Ṣé ẹ rí i? Ìdí mẹ́rin yìí ní ìwòsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò mọ èyí tó ṣe òun á kàn máa náwó sí èyí tí kò ṣe é ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí ni pé ìlú wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa ọ̀sìn ẹja. Èkó gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1951, ìjọba dá oko ẹja kékeré kan sílẹ̀ ní Oníkan láti fi ṣe ìdánwò. Nígbà tó di 1975, wọ́n dá NIOMR sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun àti ẹja tó wà ní Victoria Island títí di òní. NIOMR yìí ló ní ibùdó ọ̀sìn ẹja ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt. Òun náà ló ṣe irú ààrò ìyan-ẹja tí àwọn kan nínú yín ti ń lò, tí èéfín rẹ̀ kò pọ̀ tó ti agbada àtijọ́. Ní New Bussa, NIFFR ń wádìí ẹja omi dídùn. Láti 1968 ni iṣẹ́ ìwádìí adágún Kainji tó di ilé-iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. UNILAG ní ẹ̀ka ìmọ̀ òkun, LASU ń kọ́ nípa ẹja, yunifásítì ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta náà ń kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ náà ni LASUSTECH ní Ìkòròdú, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Laspotech tẹ́lẹ̀. Àjọ kan tilẹ̀ wà ní Àbújá, ARCN, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ máa ṣiṣẹ́ pọ̀.

Àwọn ọlọ́sìn ẹja náà kò káwọ́ gbera. Ní 1999, ẹja tí a sìn ní Nàìjíríà lọ́dún kan lé díẹ̀ ní 21,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tó fi di 2015, ó ti lé ní 300,000. Ní Áfíríkà, kò sí orílẹ̀-èdè tó ń sin àrọ̀ tó wa. Síbẹ̀, ẹja tí à ń jẹ pọ̀ ju èyí tí à ń rí nílé lọ fíìfíì, ìdí nìyẹn tí títùsì, kòtè, ṣawá àti pánlá fi ń wọlé láti òkè òkun nínú yìnyín, tí owó dọ́là sì ń bá wọn lọ.

Nítorí náà, ìmọ̀ kò wọ́n wa. Ìsopọ̀ ni ó wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ka poli tàbí yunifásítì mọ ìwé prójẹ́ẹ̀tì, èyí tí a máa ń dì pẹ̀lú lẹ́tà wúrà lẹ́yìn. Mélòó nínú wọn ló dá lé oúnjẹ ẹja tí a fi ìdin ṣe, tàbí èyí tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tàbí èyí tí a fi kóró òwú ṣe? Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ ọ́, ilé-ìwé kan kò mọ ohun tí èkejì ti rí, lẹ́yìn tí olùkọ́ bá sì ti fún ọmọ ní máàkì, yàrá ìkó-nǹkan-sí ló ń gbé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oúnjẹ nìkan ni ó ń kó ìdajì owó ọlọ́sìn ẹja lọ, àní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó nílò ìwé yẹn wà ní Ìkòsí, kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ rí.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí òkèèrè díẹ̀, kí á lè rí bí àwọn mìíràn ṣe ṣe tiwọn. Ìlú kan wà ní gúúsù Ọsirélíà tí wọ́n ń pè ní Port Lincoln. Iṣẹ́ apẹja ni wọ́n ń ṣe, ẹja tuna ni wọ́n sì ń pa. Tuna yìí, ẹja ńlá ni, ọ̀kan ṣoṣo lè wọn 100 kílò, kó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pa á títí ó fẹ́ run. Ìjọba ibẹ̀ wá fi òfin dé e: 14,500 tọ́ọ̀nù ni wọ́n fún àwọn apẹja láyè láti pa ní 1984, nígbà tó di 1989, wọ́n ti gé e sí 5,265. Ẹ fojú inú wò ó, ẹni tó ń pa ẹja mẹ́ta, wọ́n ní kó máa pa ẹyọ kan.

Kí ni wọ́n ṣe? Láti nǹkan bí 1991, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú tuna kékeré láàyè nínú òkun, wọ́n á rọra fi ọkọ̀ fà wọ́n bọ̀ nínú àwọ̀n ńlá, wọ́n á bọ́ wọn fún oṣù mélòó kan nítòsí èbúté, lẹ́yìn náà wọ́n á tà wọ́n sí Jàpáánì ní owó gidi. Iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa títí di 1996. Lọ́dún yẹn, ìjì ńlá jà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún tuna kú nínú àwọ̀n wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni wa ló ṣẹlẹ̀ sí wọn. Àwọn kan ní ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni ìjì rú sókè tó sé ẹja léèémí. Àwọn kan ní ewé omi kéékèèké tó ní májèlé nínú ni. Àríyànjiyàn náà kò kéré rárá.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kò fi í sí àríyànjiyàn. Wọ́n gbé àwọ̀n wọn kúrò létí èbúté lọ sí ibi tí omi ti jìn. Àwọn ọlọ́sìn tuna, ìjọba, ilé-iṣẹ́ ìwádìí SARDI àti yunifásítì Flinders wá jókòó sídìí tábìlì kan náà. Àjọ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ FRDC, ìjọba dá a sílẹ̀ ní 1991. Àwọn oníṣẹ́ ẹja ń dá owó sí i, ìjọba náà ń fi tirẹ̀ kún un. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ètò ìwádìí kan ṣoṣo fún ọ̀sìn tuna. Ní 2001, wọ́n tún dá Aquafin CRC sílẹ̀, tó ṣiṣẹ́ títí di 2008. Ẹni tó ní ẹja ló ń sọ ìṣòro, onímọ̀ ń sọ bí a ṣe lè wádìí rẹ̀, wọ́n á jọ yan èyí tó ṣe kókó jù. Kí ni oúnjẹ tó yẹ ẹja? Kí ni ìgbẹ́ ẹja ń ṣe sí ilẹ̀ abẹ́ omi? Kòkòrò wo ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Wọ́n ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn sì ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó béèrè. Ẹni méjì kì í ṣe iṣẹ́ kan náà láìmọ̀ ara wọn.

Ẹ tún gbọ́ ti Jàpáánì. Yunifásítì Kinki bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ní 1970 bí wọ́n ṣe lè mú kí tuna bímọ lọ́wọ́ èèyàn, kí ọmọ náà dàgbà, kó sì tún bímọ. Ó tó ọdún 11 gbáko tí àwọn ẹja náà kò yé ẹyin kan. Ní 2002 ni iṣẹ́ náà tó kẹ́sẹ járí. Ọdún 32! Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti darúgbó. Ohun tó gbà wọ́n ni pé wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀, ẹni tó bá dé lẹ́yìn á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹni ìṣáájú dé. Àwa ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, bí ọ̀gá bá fẹ̀yìn tì, ìmọ̀ rẹ̀ á bá a lọ sílé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, “Bọ̀dá akọ̀ròyìn, ìyẹn Ọsirélíà, ìyẹn Jàpáánì, ibi tí owó wà. Kí ni ti ẹni tó ní táǹkì méjì ní Alápẹ̀rẹ̀?” Òótọ́ ni pé a kò ní owó wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àkíyèsí pé kì í ṣe owó ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ. Ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ. Àwọn àgbà ló ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Onímọ̀ ní ẹ̀rọ ìyẹ-omi-wò, kò ní ẹja. Ọlọ́sìn ní ẹja, kò ní ẹ̀rọ.

Ìṣòro kan tún wà tó jẹ́ ti àdúgbò wa nìkan, kò sí ìwé Port Lincoln tó lè bá wa yanjú rẹ̀. Ìyẹn ni odò Ògùn. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ìsọdá Ọ̀yán tí ìjọba Shagari ṣí ní 1983, lẹ́yìn Abẹ́òkúta lọ́hùn-ún, bí òjò bá ti kún un, wọ́n á ní láti tú omi sílẹ̀. Omi náà á wá sọ̀kalẹ̀ bá wa ní Ajégúnlẹ̀, Agílítí àti Òwòdé Onírin. Ẹ rántí oṣù kẹwàá 2010, nígbà tí omi lé àwọn èèyàn jáde nílé lọ́nà Ìkòròdú, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní ibi tí mọ́tò ti ń rìn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, táǹkì ẹja di ara odò, ẹja tí èèyàn fi oṣù márùn-ún bọ́ á sì bá omi lọ sí ọ̀sà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Àrọ̀ tí a bọ́ dáadáa máa ń tó kílò kan láàárín oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Omi Ọ̀yán sábà máa ń dé láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá. Ẹni tó bá da ọmọ ẹja sómi ní oṣù kẹta lè ti tà á tán kí omi tó dé. Ẹni tó bá dà á ní oṣù kẹfà, kádàrá ló fi ẹja rẹ̀ lé lọ́wọ́. Àjọ odò Ògùn-Ọ̀ṣun ló ń ṣe àkóso ìsọdá náà, wọ́n sì ní àkọsílẹ̀ omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀. Ta ló ti lọ bá wọn, kó mú àkọsílẹ̀ yẹn wá, kó fi í wé oṣù tí àwọn ọlọ́sìn wa ń da ẹja sómi? Ìwádìí ni ìyẹn náà, kò sì gba ju bàtà àti bírò lọ.

Ní báyìí, kí ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe? Nǹkan mẹ́rin péré ni mo mú wá.

Èkíní, ìwé àkọsílẹ̀. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ń sin ẹja máa lo irú ìwé kan náà. Ọjọ́ tí ẹ ra ọmọ ẹja, ibi tí ẹ ti rà á, iye rẹ̀, irú oúnjẹ tí ẹ fún un, ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ omi, iye tó kú lójoojúmọ́, àti kílò tí ẹ tà níkẹyìn. Bí ẹni 30 bá ń kọ ọ́ fún ọdún kan, a ó mọ ọmọ ẹja ta ló ń kú jù. A kò ní máa méfò mọ́.

Èkejì, ìbéèrè kan lọ́dún kan. Kí á má ṣe di ohun púpọ̀ lẹ́rù lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dábàá pé kí tọdún àkọ́kọ́ jẹ́: kí ló ń pa ọmọ ẹja wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́?

Ẹ̀kẹta, afárá. A ní ọmọ ẹgbẹ́ tó ń kọ́ni ní yunifásítì, a ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, a sì ní ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ kọ́ wa ní ìmọ̀ ọ̀gbìn àti bàọ́lọ́jì. Ẹ jẹ́ kí á yan ẹni mẹ́ta tí yóò gbé ìwé àkọsílẹ̀ àti ìbéèrè wa lọ sí NIOMR àti LASUSTECH. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá orí prójẹ́ẹ̀tì á rí iṣẹ́ gidi ṣe, olùkọ́ rẹ̀ á rí àkọsílẹ̀ tí kò lè rí níbòmíràn, àwa náà á rí ìdáhùn. Kí ìdáhùn náà sì padà wá ní Yorùbá, kí ìyá tó ń ta àrọ̀ láàyè nínú agbada ní Mile 12 lè gbọ́ ọ lágbọ̀ọ́yé.

Ẹ̀kẹrin, owó. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan dá ₦100 lórí àpò oúnjẹ ẹja kọ̀ọ̀kan tó bá rà. Bí ẹni 30 bá ń ra àpò 20 lóṣù, ₦60,000 nìyẹn, ó sì di ₦720,000 lọ́dún. Kò tó kọ́ ilé ìwádìí, ṣùgbọ́n ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó àyẹ̀wò omi, ó sì tó wọ mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta. Akápò ẹgbẹ́ ni kó máa tọ́jú rẹ̀, kó máa ka ìṣirò rẹ̀ létí gbogbo wa níbi àpéjọ ọdọọdún. Ẹni tó dá owó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Díẹ̀ nínú yín ló wà nínú àwọn tí mo ń sọ yìí, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọdún 35 ló wà nínú táǹkì ẹ̀yìnkùlé. Kò yẹ kí á jókòó, kí á máa jẹ ìrẹsì àríyá, kí ẹja yín máa kú láìmọ ohun tó pa á.

Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí ní àdúgbò wa báyìí, ó ṣì tutù, ó ṣì ṣe é ká. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò tíì rẹ̀wẹ̀sì tán, àwọn onímọ̀ wà nítòsí, ọjà wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹja tútù ni à ń ká. Bí ó bá gbẹ tán, ńṣe ló ń ṣẹ́. Mo bẹ alága kí ó fi àbá mẹ́rin yìí síwájú ilé kí á tó túká lónìí, kí á sì yan àwọn ẹni mẹ́ta náà kí ilẹ̀ tó ṣú.